Má Dúró De Ilé Tí Ẹ Kò Tíì Rà

Ìyanu mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, ìwọ àti Tósìn ọkọ rẹ, lórí ohun yòówù tí ẹ bá rí jókòó lé nínú ilé tí kò ní àga yẹn. Má bínú, eré ni mo ń ṣe. Bí n kò bá fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, wàá rò pé ìbáwí ni mo gbé dé, wàá sì ti lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbà ìrúwé ti dé ní Mesquite o. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ti bo ọkọ̀ Daddy rẹ, ó dà bíi pé ẹnìkan da gàrí elépo lé e lórí. Láti àárọ̀ ló ti ń sín. Ó ní America ló fẹ́ pa òun, kì í ṣe ọjọ́ orí. Igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wa, èyí tí a rò pé òtútù ti pa, ti yọ òdòdó jáde láì tíì ní ewé kan ṣoṣo lára. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó ni mò ń rẹ́rìn-ín.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, o ti ní, "Okay, Mummy, I hear you." Ẹni tó bá tètè gbọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́. Yorùbá tí o fi ẹkún kọ́ ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lónìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, bi Daddy rẹ, má bi fóònù. Kí o sì jókòó ka èyí tó kù fún Tósìn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo pè ọ́ pé ọdún Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀. O mọ àṣà tí mo bá nílé bàbá mi: ilé tó bá tuntun jù lọ nínú ẹbí ni gbogbo wa máa ń kó lọ lọ́jọ́ Àjíǹde. A ó gbàdúrà níbẹ̀, a ó jẹun níbẹ̀, a ó sì fi orin wọ gbogbo yàrá, títí kan ilé ìwẹ̀. Lọ́dún yìí, ilé tìrẹ ní Irving ló kàn. Oṣù méje rèé tí ẹ ti ṣègbéyàwó tí ẹ sì ti wà níbẹ̀. Mo ti ń ronú irú ìrẹsì tí n ó gbé bọ̀. O sì dá mi lóhùn pé:

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, let's do it at your place. There's nothing here. Bare walls, boxes everywhere. It's just an apartment, we're not staying. When we buy the house, ẹ máa wá, I promise."

Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi." Irọ́ ni mo pa. Ó burú. Láti ọjọ́ náà ni "we're not staying" yẹn ti ń dún létí mi, torí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Èmi ni.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kí n kó àkísà tèmi jáde fún ọ.

Nígbà tí èmi àti Daddy rẹ dé Dallas, kò tíì sí ìwọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ọdún márùn-ún péré, ó ní, a ó ti padà. Ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. A bí ọ, a bí àbúrò rẹ, a ra ilé ní Mesquite, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wa kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá rẹwà tí mo bá rà, inú àgbá aláwọ̀ búlúù tó wà ní gáráàjì ni mò ń kó o sí. Mo ní fún ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ìpìlẹ̀ àti koríko ni! Àgbá mẹ́rin ni mo kó kún: kọ́tìnì tó ní etí wúrà, àwo olódòdó, aṣọ ibùsùn tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ní ilé tí a ń gbé gan-an, aṣọ ibùsùn àtijọ́ la kàn mọ́ fèrèsé. Àwo ike la fi ń jẹun. Nọ́ọ̀sì sì ni mí o. Ní ọsibítù, bí mo bá ti wọ yàrá aláìsàn, kọ́tìnì ni n ó kọ́kọ́ ṣí, n ó ní, "Oòrùn náà oògùn ni." N ó wá wakọ̀ délé mi, n ó bá ẹ̀yin ọmọ nínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan.

Ọdún tí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi, wá kí wa, àsìkò bíi ti ìsinsìnyí ni. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n wo ògiri kan, wọ́n wo ìkejì.

"Ìyá Ìyanu, ṣé olè ló jà yín ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mú wọn lọ sí gáráàjì, mo ṣí àwọn àgbá náà hàn wọ́n, inú mi ń dùn pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n fọwọ́ pa kọ́tìnì náà lára. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé ní kọ́tìnì. Ilé tí àwọn ọmọ ń gbé kò ní."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé ìtajà, wọ́n ní kí Daddy rẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. O mọ àwọn òdòdó kéékèèké aláwọ̀ aró tó máa ń bo ẹ̀bá fíríwéè ní àsìkò yìí. Kí a tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, Màmá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń já a. Daddy rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ọkọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n ní òfin ò gbà á o! Wọ́n á mú wa!"

"Òdòdó tí Ọlọ́run gbìn sẹ́bàá títì? Kí wọ́n wá mú mi. Ẹ̀wọ̀n America pàápàá á ní kọ́tìnì ju ilé yín lọ."

Wọ́n fi òdòdó náà sínú ìgò tí ẹ ti jẹ bọ́tà ẹ̀pà inú rẹ̀ tán, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìwọ àti àbúrò rẹ kò kúrò nídìí tábìlì náà. Ibẹ̀ lẹ ti jẹun, ibẹ̀ lẹ ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ lẹ ti jà. Mo rí i. N kò kọ́ ọgbọ́n kankan níbẹ̀, torí olórí kunkun ni mí, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kàn le fún mi láti kọ. Lẹ́yìn tí Màmá padà sílé, ìwọ ọmọ ọdún mẹ́fà ya òdòdó aláwọ̀ aró sórí pépà méje, o sì fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo rí kì í ṣe òdòdó, ọ̀dà ara ògiri tí téèpù máa bó ni mo rí. Mo yọ gbogbo rẹ̀ lójú rẹ. O wò mí, o béèrè pé, "Mummy, whose house is this?"

Mo dá ọ lóhùn kíákíá pé, "Ilé wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́." Ìwọ tí o kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. O mi orí bí àgbàlagbà, o kó àwọn pépà rẹ, o sì wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà títí o fi wọ ilé ọkọ, o kò lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri kan nínú ilé yìí mọ́, àní nínú yàrá tìrẹ. Mo tilẹ̀ ń fi ọ́ yangàn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi kì í da ilé rú. Ìyanu, mo jẹ̀bi rẹ. Ó ń dùn mí títí di òní. Dárí jì mí.

Ó ṣeé ṣe kí o fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbá náà parí sí, torí o ti lọ sí yunifásítì nígbà yẹn. Nígbà tí a kan òrùlé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ tán, a fi àgbá méjì ránṣẹ́. Àbúrò mi tó ń gbé ibẹ̀ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì yìí ò dé ìdajì fèrèsé. Ṣé ti yàrá ọmọdé ni?" A ti gbàgbé pé a sọ fún kápẹ́ńtà kó fẹ fèrèsé! Àgbá méjì tó kù, òjò àti yìnyín ìgbà ìrúwé kan ló bá wọn jà. Omi wọ gáráàjì láti òkè. Nígbà tí a ṣí wọn, gbogbo aṣọ ti bu. Àwo nìkan ló yè é. Daddy rẹ da ọ̀kan nínú àgbá náà dé, ó jókòó lé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, àfi bí tèmi ṣe di ẹkún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an la fọ àwọn àwo olódòdó yẹn, mo sì bu ìrẹsì sí wọn. Àbúrò rẹ wọlé, ó wo tábìlì, ó ní, "Who's coming?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Jókòó."

Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n mi, Àbẹ̀kẹ́. Ó pẹ́ kó tó dé, n kò sì fẹ́ kí tìrẹ pẹ́. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, ṣí fèrèsé. Yan àárọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́búlẹ́bú òdòdó á sọ Tósìn di bàbá ìyàwó rẹ̀. Mú àkísà àti omi ọṣẹ, kí o sì máa gbàdúrà bí o ṣe ń nu nǹkan. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní kíṣìnì, bí mo bá ń nu sítóòfù, mò ń bẹ Ọlọ́run kí oúnjẹ má wọ́n wa. Lẹ́nu ọ̀nà, mò ń dúpẹ́ nítorí gbogbo ẹni tó máa wọlé. Ti yàrá ìbùsùn, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí o ti sọ fún mi pé kí n yé béèrè.

Èkejì ni àwọn páálí. Páálí kan lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú èyí tí mo kọ "Àbẹ̀kẹ́" sí lára, wàá rí aṣọ àdìrẹ kan lábẹ́ àwọn tówẹ́ẹ̀lì. Lọ̀ ọ́, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí rẹ̀, kí o gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀. Wọ́n ti ṣe ìkọ́ tí kì í bó ọ̀dà jáde báyìí. Ká ní ó ti wà nígbà náà, n kì bá tí dẹ́ṣẹ̀.

Wá ohun tútù kan sínú ilé náà. Ewéko olóòórùn dídùn inú ìkòkò kékeré, ọsàn wẹ́wẹ́ nínú abọ́, ẹ̀ka igi ẹ̀bá fẹ́ǹsì wa tí Daddy rẹ máa gé fún ọ bí ó bá sín tán. Má lọ kó gbogbo nǹkan ní ilé ìtajà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Má sì fi ilé rẹ wé àwọn tí ò ń rí lórí fóònù. Mo máa ń wo àwọn ilé yẹn dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò dín dòdò níbẹ̀ rí.

Nípa fọ́tò: ti àwọn òbí Tósìn ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ti Lewisville dé, ojú ara wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ wá lára ògiri. Nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí ìṣó wọ ògiri, mo gbé fọ́tò bàbá mi sí àárín pálọ̀, gàgàrà báyìí. Ti ìyá Daddy rẹ, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ ni mo fi sí. Wọ́n wá kí wa, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Àmọ́ wọ́n ń dìde lọ sí ilé ìwẹ̀ ṣáá. Mo ní, "Màmá, ṣé inú ló ń run yín ni?" Wọ́n ní, "Rárá o, ìyàwó. Mò ń lọ kí ara mi ni." Kí wọ́n tó jókòó padà ni mo ti gbé fọ́tò náà wá sí pálọ̀.

Jẹ́ kí Tósìn yan nǹkan kan, ì báà burẹ́wà. Èmi àti Daddy rẹ jà lórí àwọ̀ ọ̀dà kan nígbà kan. Ó lọ rà á fúnra rẹ̀, ó kun ìdajì ògiri, mo ní kò ní parí rẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ méjì la kò fi bára wa sọ̀rọ̀. Ìdajì ògiri yẹn sì ni pásítọ̀ wá bá. Ọkùnrin tí kò bá rí ara rẹ̀ nínú ilé, ibi iṣẹ́ ni yóò máa pẹ́ sí. Bó bá jẹ́ aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló fẹ́ gbé kọ́, bá a wá ìkọ́.

Mo sì fẹ́ràn àwọn obìnrin tó jí lọ síbi ibojì ní òwúrọ̀ Àjíǹde. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè pé ta ni yóò bá àwọn yí òkúta náà kúrò. Wọn kò rí ìdáhùn, síbẹ̀ wọn kò padà sílé. Bí wọ́n bá dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan bá tò, ta ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà? Ilé tí ẹ fẹ́ rà, Ọlọ́run yóò ṣe é, mo ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n oṣù tí ẹ ń lò ní Irving, ara ọjọ́ ayé yín ni, Ìyanu. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin méjèèjì ń ti ibi iṣẹ́ dé lójoojúmọ́ sí ibi tí ẹ kò gbà pé ilé ni.

Daddy rẹ ṣì ń sọ pé a ń lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbin igi píìṣì sẹ́yìnkùlé, èyí tí kò ní so fún bí ọdún mẹ́ta. Mo bi í pé ṣé ẹni tó ń lọ sílé ló ń gbin igi. Ó ní òun ń gbìn ín fún ẹni tí yóò ra ilé lọ́wọ́ wa ni. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún Daddy rẹ pàápàá. Ọjọ́ tí ẹ kó lọ, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Òun àti àbúrò rẹ ló bá yín gbé páálí. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wakọ̀ láti Mesquite wá sí Irving pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, o sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi níbi ìgbọ́kọ̀sí. O dì mọ́ mi, o gba kúlà, o ní, "Next time, Mummy, it's a mess up there." Mo délé, Daddy rẹ béèrè bí ilé yín ṣe rí báyìí, mo ní ó dára gan-an. Kí n tó kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí yín, mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń wo òkè. Fèrèsé pọ̀ lára ilé yẹn. N kò mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ.

Bó bá jẹ́ ilé wa ni ẹ fẹ́ ká ti ṣe ọdún, ẹ máa bọ̀, n ó se ìrẹsì, n kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ṣáájú ọdún, mò ń bọ̀. N kò ní kó kọ́tìnì wá, n kò sì ní wo ògiri. Fi nọ́ńbà ilẹ̀kùn yín ránṣẹ́ sí mi. Má sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé mi, ọmọ mi. Jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn wá bá ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí orúkọ rẹ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń gbàdúrà.